Ta Ló Túfọ̀ Lérè fún Ìyá Rẹ̀?

Àga tí Fèyísọ́lá Láyíwọlá bá fẹ́ jókòó lé, kí ìdí rẹ̀ tó kàn án ni yóò ti máa ké. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdí èèyàn méjì ni Ọlọ́run kó fún òun, ẹnì kejì ni kò wá gba tirẹ̀. Nígbà tó wọ yàrá ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tó rí i pé àga oníke tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò yí tábìlì ká, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo àga, ó wo àwọn tó ti jókòó.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣebí ìròyìn lẹ ń wá? Ẹ ti rí i. 'Arúgbó fọ́ àga ní òpópónà Bissonnet, ẹsẹ̀ àga gún arúgbó níbi tí a kò lè dárúkọ.'"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i, a sì tún máa dùn ún, nítorí kò sí ọjọ́ kan tó la ẹnu nínú ẹgbẹ́ yẹn tí ẹ̀rín kò ti ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀.

Ẹgbẹ́ Àwọn Oníwèé-Ìròyìn Adúláwọ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Ìwé ìròyìn méje ló para pọ̀ dá a sílẹ̀ ní Houston, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju ọkọ, ìyàwó àti kọ̀ǹpútà kan nínú gáréèjì lọ. Kò sí èyí tó lágbára láti rán akọ̀ròyìn síbi gbogbo, ni wọ́n bá jọ dá iléeṣẹ́ akóròyìnjọ kan sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Agbọ̀n. Ẹni tó bá rí ìròyìn á jù ú sínú Agbọ̀n láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn tó kù á mú un níbẹ̀, wọn á tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ jù ú sí i ni yóò wà lórí rẹ̀ níbi gbogbo tó bá dé. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ní Èkó náà ń mú níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá sì tíì tó jáde, ẹni tó ni ín á fi àmì pupa sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí olúwarẹ̀ yóò fi yọ àmì náà kúrò. Alága nìkan ni ẹ̀rọ gbà fún láti yọ àmì ẹlòmíràn, ó sì ti ṣèlérí lójú gbogbo wọn pé òun kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọlátúnbọ̀sún ni alága yẹn. Ìwé ló gbé e wá sí Texas nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ, ó bá àwọn elépo ṣiṣẹ́ ní Baytown títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá ní òun fẹ́ fi ìyókù ayé òun sin àwùjọ. Ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní àwọ̀ láti ojú ìwé iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní kámẹ́rà tó gùn bí apá ọmọdé. Ó sì ní sùúrù, irú sùúrù tí ológbò ń ní lẹ́nu ihò eku.

"Màmá," ó ní, "ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Bí mo bá máa bínú, àga yìí ni mo máa kọ́kọ́ bínú sí. Sọ ọ́."

"Ẹ ń mú nínú Agbọ̀n, ma. Ẹ kì í jù sí i. Látọdún tó kọjá, ohun tó ti ọ̀dọ̀ yín wá ni ọjọ́ ìbí, ìkómọjáde, ìsìnkú, àti ewúrẹ́."

Ewúrẹ́ náà ti di ìtàn láàárín wọn. Ó já mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ Iléyá, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kun èékánná ní Bellaire, obìnrin ará Vietnam tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé e pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ní àlejò òun ni, òun kò lè fi àlejò lé apani lọ́wọ́.

"Ta ni nínú yín tí kò tẹ ewúrẹ́ yẹn jáde?" Fèyísọ́lá bi í. "Ìwọ gan-an fi àwòrán rẹ̀ sí ojú ìwé kejì. Ó sì fanimọ́ra ju tìrẹ tó wà lókè rẹ̀ lọ."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọlátúnbọ̀sún náà rẹ́rìn-ín, ó dúró kí ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn, ó wá sọ ọ́. Bí Ojúmọ́, ìwé ìròyìn Fèyísọ́lá, kò bá mú ojúlówó ìròyìn wá kí oṣù tó yípo, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú Agbọ̀n. "Kì í ṣe èmi, ma. Òfin ẹgbẹ́ ni."

Ojúmọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gaàrí láti Alief títí dé Baytown, ó wà nílé onídìrí, ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ń kà á, àwọn kan ń fi di ẹja. Fèyísọ́lá ní òun kò bínú sí àwọn tó ń fi di ẹja, ẹja náà nílò aṣọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí a bá mú ohun tó ti inú Agbọ̀n wá kúrò nínú rẹ̀, ohun tó máa kù kò ní í tó ẹja kékeré kan láti fi bora. Ó dágbére fún wọn, ó dá àpárá kan sí i, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín, òun náà kò sì rín.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni pílántì àwọn elépo kan bú gbàmù níhà Deer Park. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Èèfín a máa yọ lọ́hùn-ún, wọn a ní kí àwọn èèyàn ti fèrèsé, yóò sì di ọjọ́ kejì, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Fèyísọ́lá ń dín dòdò lọ́wọ́ nígbà tí Helen pè é.

Helen ni ìyàwó Lérè. Lérè ni àkọ́bí Alice, pílántì yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Alice sì ni ọ̀rẹ́ tí Fèyísọ́lá fi ṣe ẹbí láti ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé nínú apartment kan ṣoṣo ní Alief, tí àwọn ọkọ wọn ń lọ sílé ìwé lọ́sàn-án, tí wọ́n ń ṣọ́ ilé onílé lálẹ́. Bí ìyá kan bá ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá kejì ló ń pọn ọmọ ẹnì kìíní. Kò sí ibi tí Lérè kò tọ̀ sí lára Fèyísọ́lá.

"Màmá," Helen ní. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Lérè ti lọ."

"Lọ síbo?" Ó mọ ibi tó lọ. Ẹnu rẹ̀ ló kàn béèrè.

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà nílé ìwòsàn yìí. Wọ́n ti jẹ́ kí n rí i. Màmá, mi ò lè sọ fún màmá wa. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó lọ síbi iṣẹ́ lónìí, ẹnì kan ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà ni kẹ́ ẹ bá mi lọ."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o gbọ́? Má tíì fi ránṣẹ́ sílé. Àwa la máa lọ."

Ó pa iná, dòdò ti jóná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì, ó sunkún títí imú rẹ̀ fi dí.

A kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá lórí fóònù. Ọmọdé kì í sọ ọ́, ẹnì kan kì í dá lọ sọ ọ́. Àwọn àgbà á jọ wọlé tọ ìyá náà lọ bí ẹni tó wá kí i lásán, wọn á bèèrè ara rẹ̀, wọn á gba omi mu, wọn á máa sọ̀rọ̀ yí ká yí ká, ẹnì kan á ti sún mọ́ ọn, ẹnì kan á ti wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu ẹni tó dàgbà jù, ọwọ́ á ti wà láti gbá a mú. Àwọn tó wà ní Houston fi ọ̀kan kún un: kí àwọn àgbà tó sọ ohunkóhun, wọn á ti fi ọgbọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Fèyísọ́lá pe Alàgbà Táyéwò, olórí ìjọ Aládùúrà tí Alice ń lọ. Ó pe Sìkírátù, obìnrin Iléṣà bíi Alice, tó jẹ́ pé kò sí òkú tó kú láàárín wọn tí kò bá wọn gbé. Alàgbà ní La Porte ni òun wà, wọ́n ti dí gbogbo ọ̀nà nítorí pílántì tó bú, mọ́tò kò lọ, kò bọ̀, ṣùgbọ́n òun ń bọ̀. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n dúró dè é.

Ìdúró yẹn ló bà á jẹ́. Fèyísọ́lá tan tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo wọn ló ń sọ ohun kan náà: òṣìṣẹ́ kan kú, wọn kò ní í dárúkọ rẹ̀ títí wọn yóò fi sọ fún ẹbí. Ó yí i síbòmíràn, bákan náà ni. Kò sí iléeṣẹ́ ìròyìn kan, ńlá tàbí kékeré, tó ní orúkọ yẹn. Òun ní in. Ó ní orúkọ, ó mọ ọjọ́ orí, ó mọ ilé ìwé tó lọ, ó mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá kan ń sunkún nínú rẹ̀, oníròyìn kan sì ti dìde nínú ẹni kan náà, ó ń wá ìgò ojú.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó kọ ọ́. Omijé ń já sórí ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà kò dúró. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá jù ú sínú Agbọ̀n pẹ̀lú àmì pupa, kò sí ẹni tó lè rí i lóde, orúkọ òun á sì ti wà lórí rẹ̀ kí àwọn yòókù tó jí. Bí a bá sọ fún Alice tán, tó bá sunkún tán, òun á yọ àmì náà kúrò. Kí ló burú níbẹ̀? Ó fi àmì pupa sí i. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó pupa dáadáa. Ó jù ú sí i.

Kò pẹ́ tí Ọlátúnbọ̀sún fi pè é.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti rí i."

"Ọmọ mi ló kú, Ọlátúnbọ̀sún."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ka àkókò ìbánikẹ́dùn kó lè pé. "Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa nìkan la ní orúkọ yìí? Nínú gbogbo Amẹ́ríkà, Màmá. Àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní in."

"Ìwọ náà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbọ́ mi. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àmì pupa yẹn títí a ó fi wọlé tọ̀ ọ́."

"Ó yé mi, ma."

"Ṣé ó yé ẹ lóòótọ́?"

"Màmá, ọmọ Yorùbá ni mí. Ta ló máa kọ́ mi ní ìtúfọ̀?"

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí Sìkírátù pè, tó ní, "Ìyá mi, ẹ ò rí i, ká má dúró de Alàgbà mọ́, ká lọ báyìí, ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ o," Fèyísọ́lá ló dá a dúró.

"Kò lẹ́sẹ̀ kankan. Abẹ́ ìdí mi ló wà, ìwọ náà sì mọ bí ìdí mi ṣe tó. Kò sí ibi tó máa gbà jáde. Jẹ́ kí Alàgbà dé, kó lè jẹ́ ẹnu àgbà ni yóò ti gbọ́ ọ."

Wọ́n dúró. Alàgbà dé, aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ kan, wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ Alice.

Alice jókòó sí pálọ̀, ó gbé àwo ẹ̀wà lé itan, ó ń ṣà á. Ó gbé ojú sókè wò wọ́n.

"Ẹ̀yin mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan náà? Alàgbà, Àlhájà, oníròyìn. Ó ku ọlọ́pàá."

"A kàn ní ká yà kí yín ni, Ìyá Lérè," Alàgbà ní.

"Láti La Porte? Pẹ̀lú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n dí? Ẹ kú ìtọ́jú mi." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. "Mo gbọ́ pé pílántì kan tún ti bú. Mo dúpẹ́ pé Lérè ò sí níbi iṣẹ́ lónìí. Fèyí, kí ló dé tí o dúró bí òpó? Bọ́ síbí. Wo àga tó le dáadáa nì, mo rà á nítorí tìẹ ni."

Fèyísọ́lá jókòó. Ó bèèrè omi, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Alice dìde fúnra rẹ̀, ó bù ú wá, ó tún padà sídìí ẹ̀wà. Alàgbà bèèrè ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Alice ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, kò tíì kó lọ. Alàgbà bèèrè bóyá ó ti lo oògùn òwúrọ̀. Alice ní ṣé wọ́n ti fi Alàgbà jẹ dókítà ni. Sìkírátù ti rìn yí ká, ó ti wà lẹ́yìn àga rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú jẹ́jẹ́.

"Ìyá Lérè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín kí n fi pe ẹnì kan. Iná ti tán nínú tèmi."

Alice mú fóònù láti abẹ́ àwo ẹ̀wà. Ó fẹ́ẹ̀ gbé e fún un tán nígbà tó dún.

"Bíyìí ni," Alice ní. Bíyìí ni àbúrò rẹ̀ tó kẹ́yìn, tó wà ní Iléṣà. "Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn báyìí. Kí ló dé?"

Sìkírátù ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Ṣùgbọ́n Alice ti tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e síta gbangba bí gbogbo arúgbó ti ń ṣe, tó fi jẹ́ pé gbogbo pálọ̀ ló gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Bíyìí ní, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe ọkàn gírí o. Lérè ló lọ báyìí? Lérè wa?"

"Lérè wo?"

"A ti kà á, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo àdúgbò ló ti kà á. Ó wà nínú ìròyìn, wọ́n ní pílántì ló pa á. Àǹtí Fèyísọ́lá ló kọ ọ́, orúkọ wọn ló wà lókè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ṣé àwọn àgbà wà lọ́dọ̀ yín?"

Sìkírátù gba fóònù, ó pa á. Kò sí ohun tó kù láti gbà mọ́.

Alice kò ké. Ó gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀. Ó wo Alàgbà, Alàgbà gbé ojú sílẹ̀. Ó wo Fèyísọ́lá, ó wo ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ti mọ̀," ó ní. "O ti mọ̀, o wá jókòó, o ní kí n bu omi fún ọ."

"Alice, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. A fẹ́ sọ fún ọ, a fẹ́ kí Alàgbà…"

"O ti sọ fún Iléṣà."

"Mi ò sọ fún Iléṣà. Mo fi àmì sí i, mo ní kí wọ́n má…"

"Fèyí." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìgbà tí o fẹ́ kọ ọ́, ṣé o ti sunkún tán ni, àbí o kọ ọ́ tán kó o tó sunkún?"

Bí Fèyísọ́lá bá sọ òótọ́, pé ó ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni, ìyẹn ló máa burú jù. Ó na ọwọ́ láti dì í mú. Alice gbọn ọwọ́ náà dànù. Ìgbà yẹn ló wá ké, igbe kan ṣoṣo tó gùn, Sìkírátù àti Alàgbà ló gbá a mú. Fèyísọ́lá dúró sí àárín pálọ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ igbe ti ń wọlé. Ọ̀kan nínú wọn rọra dì í lápá mú, ó ní kó jọ̀ọ́ kó fún àwọn láyè.

Inú ọkọ̀ ló ti pe Ọlátúnbọ̀sún.

"Màmá, mi ò gbé e jáde ní Houston," ó ní, kó tó bi í ní nǹkan kan. "Ẹ lọ wò ó. Pupa náà ṣì wà lórí rẹ̀ fún gbogbo wa. Èkó nìkan ni mo ṣí i fún. Iléeṣẹ́ kan níbẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni. Mo rò ó pé ìyá wà níbí, Èkó jìnnà."

"Èkó jìnnà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ọlátúnbọ̀sún, o ti fi ogójì ọdún wà nílẹ̀ yìí. Bí o bá ra bàtà tuntun, ta ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́? Ṣé aládùúgbò rẹ ni, àbí àbúrò ìyá rẹ nílé?"

Ọlátúnbọ̀sún ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jù ú sí i. Bí kò bá sí nínú Agbọ̀n, mi ò lè ṣí i."

Ìyẹn ló dùn ún jù nínú gbogbo ohun tó sọ, nítorí kò rí irọ́ kankan níbẹ̀.

Ó lọ sílé Alice lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó ń sùn. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Helen gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i, ó dúpẹ́, kò sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni àwọn ìyá ìjọ ń gbà wọlé. Ó ń gbọ́ ohùn wọn nínú pálọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó máa ń pè é pé ọmọ àwọn gba oyè, pé ìyàwó ọmọ àwọn ti bímọ, kò pè mọ́. Bó bá wọ ilé onídìrí, àwọn obìnrin á kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Oníròyìn ni, kò sì sí ẹni tó ń sọ nǹkan fún un. Ó bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan níwájú dígí, ó ní, "Ìyá Ojúmọ́, ilẹ̀ ti ṣú ọ." Àpárá náà dára. Kò rí ẹni tó máa dá a fún.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún ṣe ìpàdé, wọ́n ti gbé àga onítìmùtìmù kan wá fún un láti ibi kan. Ọlátúnbọ̀sún dìde, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá Agbọ̀n sílẹ̀, kò tíì sí ìròyìn tí àwọn èèyàn mú tó báyìí. Ó ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti dárúkọ àwọn. Ó ní Ojúmọ́ kò lọ síbì kankan, ẹni tó bá fẹ́ yọ Ojúmọ́ á kọ́kọ́ yọ òun ná. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí Màmá sọ̀rọ̀.

Fèyísọ́lá dìde.

"Ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò lórí rẹ̀," ó ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Mi ò ṣeré. Ìyá ọmọ yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, èmi pẹ̀lú yín, a gba ẹnu àwọn àgbà, a fi sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ló túfọ̀ fún un láti Iléṣà, èmi sì wà níbẹ̀, mo ń mu omi."

Ẹ̀rín náà falẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán. Ẹnì kan lẹ́yìn ṣì ń gbọn èjìká, ó ń dúró de ibi tí àpárá ti máa bọ́. Àwọn yòókù ń wo ojú rẹ̀ bí èèyàn ti ń wo ẹni tó fẹ́ sín, tí kò tíì sín. Ó wá rí i pé òun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu òun tí kò ní ẹ̀rín nídìí. Ó dúró díẹ̀ sí i bóyá ẹnì kan á dáhùn.

"Màmá wa," Ọlátúnbọ̀sún ní, ó sì tún pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn bá a pa á. Fèyísọ́lá jókòó.

Inú Agbọ̀n ló ti mọ ọjọ́ ìsìnkú. Ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn Ọlátúnbọ̀sún ni ẹbí gbé ìkéde náà lọ, nítorí pé ó ní àwọ̀. Òun ló jù ú sí i, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè rẹ̀, kò sì sí àmì pupa kankan lórí rẹ̀. Fèyísọ́lá mú un níbẹ̀ bí àwọn oníwèé-ìròyìn yòókù ti mú un. Ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé kẹta Ojúmọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó mọ orúkọ ọmọ náà ní ìdílé bàbá rẹ̀, orúkọ tí kò sí nínú ìkéde. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e kúrò.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó wọ dúdú, ó tètè dé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Delight ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ìjọ tí wọ́n bí síbí, ó ń tọ́ka fún àwọn èèyàn: ẹbí sápá ọ̀tún níwájú, àlejò sáàárín. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀, Grandma. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe newspaper?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹbí ni mí. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n… Sọ fún ìyá rẹ̀ pé Fèyí ti dé."

Ojú ọmọ náà rẹ̀ wálẹ̀. Kò burú lọ́mọ. Ó fa páálí pelebe kan yọ láti inú àpò rẹ̀, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, wọ́n ti kọ PRESS sí i gàdàgbà, pé oníròyìn ni. "Grandma Alice ní tí ẹ bá dé, kí n fún yín ní eléyìí. Wọ́n ní àwọn press, ẹ̀yìn ni. Ẹ má bínú, ma."

Fèyísọ́lá wo iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rí ẹ̀yìn orí Alice láàárín gèlè funfun àwọn ìyá ìjọ. Orí náà kò yí padà. Ó lè kígbe pe orúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ a máa dé ibi tó jìnnà ju ìyẹn lọ. Ó gba páálí náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó má baà já.

Ní ìlà tó kẹ́yìn, Ọlátúnbọ̀sún ti gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tó rí i, ó kó àpò rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ńṣì, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un dáadáa.

"Màmá, ẹ máa bọ̀ níbí," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ibi tiwa nìyí."